Kòkó Ò Ní Dúró De Kọ̀ǹpútà

4 Òkítóbà 1999, Mọ́ńdè

Ó dé! Kọ̀ǹpútà tí Dọ́kítà Adésọjí, ọ̀gá wa ní yunifásítì, ti ń ṣèlérí fún wa láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ti dé, òun sì ni àkọ́kọ́ tó ní ẹnu USB ní gbogbo wọ́kiṣọ́ọ̀bù yìí. Kì í ṣe tuntun o. Àwọn kan ti lò ó gbó lókè òkun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti rọ́ sínú. Kò kàn mí. Mo jó yí i ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Rasheed, tó ń ṣe apá irin àti afẹ́fẹ́ nínú iṣẹ́ wa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò mí.

"Mojíre, ṣé o ti tàn án wò kó o tó bẹ̀rẹ̀ ijó?"

Ó tàn. Ó kọ́kọ́ kọ ìráhùn kan sójú pé nǹkan kan ò pé nínú òun, kí n tẹ F1 bí mo bá fẹ́ máa lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà ibí ló ń ráhùn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn tán kò ní ríṣẹ́ ṣe.

9 Òkítóbà, Sátidé

A lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Òjò bá wa lójú ọ̀nà. Dẹ̀rẹ́bà ní bẹntiróòlù ti wọ́n, ká fowó kún owó ọkọ̀, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì fi ariwo dá a lóhùn títí ó fi dákẹ́.

Àlàájà Fàòsíyà, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó níbẹ̀, ti pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ sí sítọ́ọ̀ wọn. Ó ní òun ti gbọ́ tòun, kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ni kòkó. Mo bu kóró kòkó ẹ̀kúnwọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Báyìí ni yóò ṣe máa yọ̀ lórí páànù, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù tó ń wò wọ́n. Ojú yẹn á sọ ohun tó rí fún kọ̀ǹpútà. Tí kóró bá ti bu, tàbí tó fọ́, tàbí tó fẹlẹ́, kọ̀ǹpútà á ní kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó dáa á bọ́ sínú àpò."

Bàbá Oyèbánjí, akápò ẹgbẹ́, gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀. "Bí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ bàbá arúgbó náà. Ó ti gbé gbogbo iṣẹ́ mi kalẹ̀ lẹ́nu kan ṣoṣo!

"Bó bá pẹ́, sà, èyí tó bu á ti kọjá lọ, èyí tó dáa tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni afẹ́fẹ́ á fẹ́ dà nù. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ pẹ́. N ò sọ pé kó má pẹ́ púpọ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, bó ti wù kí iṣẹ́ mìíràn pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ tó."

"Ta ló máa rí sí i pé kò pẹ́?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní lọ́dọọdún ni àwọn alágbàtà ń fi kóró burúkú díẹ̀ pa owó kòkó rere wọn, ó ti tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta tọdún yìí, kí wọ́n máa kó o bọ̀ ní sítọ́ọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú Nòfẹ́ńbà, ẹ̀rọ á dé wá ṣà á. "Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹ yan ẹlòmíràn ṣe alága. Mi ò ní bá yín jà."

N kò ní kó sọ bẹ́ẹ̀! Títí a fi dé Ifẹ̀ ni èmi àti Rasheed ń ka iye ọjọ́ tó kù.

12 Òkítóbà, Túsìdeè

Ojú náà ti ń sọ̀rọ̀! Mo fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo kọ díráfà rẹ̀, ètò tí kọ̀ǹpútà á fi máa gbọ́ èdè rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án òní ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde lójú kọ̀ǹpútà bí omi ẹ̀rọ. Mo fi ìka mi kọjá níwájú rẹ̀, nọ́ńbà yí padà. Mo fi kóró kan kọjá, ó tún yí padà. Mo ń pariwo fún ẹni tí kò sí nínú yàrá.

Nílé, Ìyá mi bèèrè ohun tó mú inú mi dùn tó báyìí. Mo ní mo ti kọ díráfà. Wọ́n ní, "Mọ́tò ta ni?" Mo sọ fún Rasheed, àṣìṣe ńlá ni mo ṣe. Dẹ̀rẹ́bà ni mò ń jẹ́ báyìí.

18 Òkítóbà, Mọ́ńdè

Ìbànújẹ́ díẹ̀. Kóró ń bọ̀ lórí páànù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, gbogbo rẹ̀ dáa. Kí kọ̀ǹpútà wá sọ pé òun fẹ́ kọ nǹkan pamọ́ sínú díìsìkì báyìí, àbùṣe bùṣe: ó gbàgbé mi. Ìgbà tó bá rántí mi, kóró mẹ́ta ti lọ.

USB kì í dúró. Lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ndì kọ̀ọ̀kan ló ń kọjá bí ọkọ̀ tí kì í dúró dèrò. Bí èrò ò bá tíì wà ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo nílò ni kọ̀ǹpútà tí yóò fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo bá pè é, kó má ní òun ń bọ̀.

21 Òkítóbà, Tọ́sìdeè

Àǹtí Àyọ̀kẹ́, Ọlọ́run á ṣe yín lóore! Síídì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti London dé sí ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ti já páálí rẹ̀ wò. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún ṣe ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni pé wọ́n sọ odindi Linux di ìránṣẹ́: iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ á kọ́kọ́ jẹun yó, lẹ́yìn náà ni díìsìkì àti ìyókù á tó wá jẹ àjẹkù. Mo ka ìlànà rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ka lẹ́tà ọ̀rẹ́kùnrin.

28 Òkítóbà, Tọ́sìdeè

Díìsìkì ò lè dí mi lọ́wọ́ mọ́. Mo jẹ́ kó máa kọ nǹkan pamọ́ láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ ò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣì ń jí àkókò mi. Nǹkan á máa lọ dáadáa, lójijì kọ̀ǹpútà á sálọ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé, á sì padà wá bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo bi Linux, Linux ò mọ̀. Bí Linux ò bá mọ̀, a jẹ́ pé nísàlẹ̀ Linux ni olè náà wà. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn. N ò mọ̀ pé méjèèjì lè wà pa pọ̀ báyìí.

29 Òkítóbà, Fúráìdeè

MO RÍ I!

BIOS ni, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Linux tó dé. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà yìí rò pé ẹni tó bá rà á lè ní bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé tó ń lo USB, wọ́n bá fi ẹnìkan sísàlẹ̀ pátápátá kó máa yọjú sí ẹnu USB lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan tẹ nǹkan. Tó bá ti yọjú, gbogbo ayé á dúró dè é, Linux gan-an ò ní mọ̀ pé òun dúró. A ò sì ní irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ifẹ̀! Mo wọ ojú ìwé ètò BIOS, mo rí ìlà kan ṣoṣo tó ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, mo pa á.

A da àpò kòkó kan gba orí páànù láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, díráfà mi sì ń ka iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá pẹ́. Iye tó pẹ́: òdo. Mo ní kí Rasheed wá kà á fún mi, kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó kà á. Òdo ni. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo wọ́kiṣọ́ọ̀bù, Rasheed tí kì í ra nǹkan fún èèyàn.

Dọ́kítà ní ká gbé e sórí UPS, ká má pa á rárá títí ọjọ́ ìrìn-àjò, kó máa sáré lọ. Òdo ni lónìí, òdo ni mo fẹ́ bá lọ́la.

6 Nòfẹ́ńbà, Sátidé

Ojú tì mí.

A yọ gbogbo nǹkan lójú iná ní ìrọ̀lẹ́ àná, a fi aṣọ dì wọ́n, a gbé wọn lọ sí Ẹdúnàbọ̀n láàárọ̀. Rasheed ti háyà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà kan. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń ké, èrò kún sítọ́ọ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó ráhùn, mo tẹ F1, a bẹ̀rẹ̀ sí í da kòkó.

Ó pẹ́. Ó tún pẹ́. Kóró rere ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó bu ń yọ̀ wọ inú àpò bí ọmọ ọba. Bàbá Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kóró kan nínú àwọn tí ẹ̀rọ dà nù, ó fi eyín là á, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí mi kí n wò ó. Inú rẹ̀ pupa, ó dán. Kò tilẹ̀ bú mi. Ó kàn sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ wò ó, kòkó ò ní dúró de kọ̀ǹpútà."

Àlàájà sìn wá dé ẹ̀bá ọ̀nà. "Ẹ lọ tún un ṣe. Mo ṣì wà níbí." Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ìyẹn ló dùn mí jù.

8 Nòfẹ́ńbà, Mọ́ńdè

Ó ń pẹ́ nínú wọ́kiṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ohun tí mo rò ni pé nǹkan bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní fáàfù Rasheed, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ni, pé eruku ti wọ̀ ọ́, kì í tètè ṣí. Ó tú fáàfù náà palẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó to gbogbo ara rẹ̀ síwájú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni dẹ̀rẹ́bà. Ọwọ́ ìwọ ni sítíárì wà."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba Mọdákẹ́kẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, n ò sì sáré tẹ̀ lé e.

11 Nòfẹ́ńbà, Tọ́sìdeè

Mo pààrọ̀ okùn. Ó ṣì ń pẹ́.

16 Nòfẹ́ńbà, Túsìdeè

Mo ti tún díráfà kọ látòkè délẹ̀. Tuntun yìí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó mọ́, ó kéré, mo lè fi yangàn níbikíbi. Ó sì ń pẹ́ bíi ti àtijọ́. Mo gbára lé e pé BIOS kọ́ ni, ṣebí mo ti pa tiẹ̀.

Àlàájà wá bá mi fúnra rẹ̀. Mo bá a níta wọ́kiṣọ́ọ̀bù lórí òkúta, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ṣé kò sí?"

"Ó wà díẹ̀, ọmọ mi. Àwọn méjì ti wá kó àpò wọn, wọ́n ti tà á fún alágbàtà. Ìyẹn ò dùn mí, ebi lè máa pa ẹni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri ló dùn mí. Wọ́n ní èmi pẹ̀lú ẹ̀yin yunifásítì la jọ mọ ohun tá à ń ṣe. Wọ́n ní ẹ̀rọ á máa gbé tèmi wọlé, á máa da tàwọn nù, kí n lè rà á ní ẹ̀dínwó. Ẹni tí mo bá ṣe ẹgbẹ́ láti kékeré ló ń sọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó ní kí n dìde, òun ò wá gba ẹ̀bẹ̀, ọjọ́ lòun wá gbà. A fi í sí Sátidé tó ṣáájú Kérésì. Ààwẹ̀ á ti wọlé nígbà náà, ó ní kò burú. "Bí ọjọ́ yẹn bá tún yẹ̀, kì í ṣe ipò alága nìkan ni mo máa fi sílẹ̀. N ò ní lè jókòó láàárín wọn mọ́."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

24 Nòfẹ́ńbà, Wẹ́sìdeè

Kí n tó sọ ọ́, kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara mi tán.

Àwọn aláṣẹ ti kọ̀wé sí gbogbo wa lórí ọ̀rọ̀ ẹgbàá ọdún tó ń bọ̀ yìí, pé kí oníkálukú wo déètì kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tún un ṣe. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú á máa já bọ́, Ìyá mi ti ra kẹrosíìnì pamọ́ tipẹ́tipẹ́. Mo fi ìbínú tún déètì tèmi ṣe lánàá kí n tó lọ ilé, ká ṣáà lè sinmi. Láàárọ̀ yìí, ó ráhùn, mo tẹ F1, mo wo déètì: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1997.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi dúró lórí bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé.

Láti ìgbà tí iná tó ya wọlé lójijì ti jó fíríìjì Dọ́kítà, kò sẹ́ni tó ń lọ ilé láìyọ gbogbo nǹkan lójú iná. Bátìrì kékeré tó yẹ kó máa bá kọ̀ǹpútà yìí rántí nǹkan nígbà tí kò síná ti kú, bóyá láti òkè òkun ló ti kú. Bó bá ti gbàgbé déètì, kí ló tún ń gbàgbé? Mo wọ ojú ìwé ètò BIOS. Ìlà tí mo pa ní Òkítóbà ti wà ní títàn padà.

Mo kígbe débi pé Dọ́kítà sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi. Láràárọ̀ ni olè yẹn ń padà sórí àga rẹ̀, láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi, èmi sì ń fi F1 pa á lẹ́nu mọ́! Ọ̀sẹ̀ tó fi ṣe dáadáa yẹn, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lójú iná ni.

Mo gba Mọdákẹ́kẹ́ lọ lọ́sàn-án. Rasheed ń jó irin níwájú ilé wọn. Mo ní, "Fáàfù rẹ ò ṣe nǹkan kan. Dẹ̀rẹ́bà ló sùn lórí sítíárì." Mo sọ ìtàn F1 fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ń tẹ F1 láti ọdún mẹ́ta, òun ò ka ohun tó ń sọ rí.

25 Nòfẹ́ńbà, Tọ́sìdeè

Oníṣẹ́ aago kan ní Lágere ló ní bátìrì náà, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Ó ní ti aago olówó ńlá ni. Mo ná an títí ó fi rẹ̀ wá méjèèjì.

Bátìrì nìkan ò tó mi. Bátìrì lè kú sí Ẹdúnàbọ̀n níbi tí n kò sí. Mo kọ ọ́ sínú díráfà fúnra rẹ̀ pé kó tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ gba ẹnu USB lọ́wọ́ BIOS, kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ti kúrò lóòótọ́, bí kò bá sì kúrò, kó kọ̀ kó má ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó kọ̀ jálẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ tó ń purọ́ lọ.

3 Dìsẹ́ńbà, Fúráìdeè

Rasheed fi odindi ọjọ́ hùwà ìkà sí mi. Ó yọ ọ́ lójú iná. Ó yọ bátìrì tuntun. Ó ní kí díìsìkì máa kọ, kí ojú kọ̀ǹpútà máa yàwòrán, ó tún lọ da kòkó lójijì lẹ́yìn mi. Iye tó pẹ́: òdo, òdo, òdo! Mo ní kó bọwọ̀ fún dẹ̀rẹ́bà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọ́kiṣọ́ọ̀bù.

9 Dìsẹ́ńbà, Tọ́sìdeè

Ààwẹ̀ ti wọlé. Ọyẹ́ náà ti dé, ètè gbogbo èèyàn ti là. Rasheed ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ọsàn níwájú òun.

19 Dìsẹ́ńbà, Sọ́ńdè

Ó ti rẹ̀ mí jù láti kọ ọ́ lánàá. N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, Ìyá mi ń bínú, mo ní Ọlọ́run mọ ibi tí mo ti wá.

Èrò tó wà ní sítọ́ọ̀ lánàá pọ̀ ju ti Nòfẹ́ńbà lọ. Àwọn kan wá wòran ìtìjú, mo rí i lójú wọn. Sípẹ́kítọ̀, ẹni tó ń la kòkó wò kó tó fún un ní ipò, jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, Bàbá Oyèbánjí ní òun fẹ́ kí àpò tí a máa kọ́kọ́ dà jẹ́ ti alága. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ gbé e," ni Àlàájà wí. "Ibi ìgbẹ̀yìn ni tèmi wà, lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kó wọlé."

Wọ́n fa àpò náà jáde. A dà á. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, kóró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí páànù, ojú wò wọ́n, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fìn, fìn. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ó ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ń fẹ́ jù. Òkìtì ẹ̀gbẹ́ ń ga, ó ń ga, ó fẹ́ tó ti inú àpò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní, "Ó tún ti dé."

Rasheed bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. "Mojíre, tiẹ̀ ló ń dà nù yìí o. Pa á."

N ò nílò láti pa á. Mo lè tẹ bọ́tìnnì méjì péré, kí ojú náà rọ̀ díẹ̀, kó máa fojú fo èyí tó bu díẹ̀ bá èyí tó dáa lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àlàájà dúró níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ètè rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀, ó ń wo kòkó rẹ̀ tó ń fò lọ. Mo gbé ìka mi sórí bọ́ọ̀dù. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Iye tó pẹ́: òdo.

Bí kò bá pẹ́, a jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo fi sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé e.

Nígbà tí àpò tán, sípẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ nínú òkìtì tí ẹ̀rọ dà nù. Ó là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíbu ni, bíbu ni, inú wọn funfun bí ìyẹ̀fun. Ó bu láti ìsàlẹ̀ òkìtì, ó bu láti òkè. Kò rí ẹyọ kan tó dáa. Lẹ́yìn náà ló wá yí sí inú àpò. Ó là á, ó là á, ó sinmi ọ̀bẹ. Ó ní, "Ipò kìíní ni. N ò tíì rí kòkó tó mọ́ báyìí lágbègbè yìí rí."

Ó yẹ kí n fò sókè. N kò lè fò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó mú kòkó náà bu ni. Òjò Òkítóbà ni, pẹ̀lú ìdúró, àti èmi tí mo ń tẹ F1. Àwọn yòókù kó tiwọn wọlé lẹ́yìn tí oòrùn ti là. Àlàájà ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, òun ló kó tirẹ̀ wọlé nínú òjò.

Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó bu kóró tó bu ní ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì, ó yí ká, ó ń fi han èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Oyèbánjí.

"Ẹ wò ó dáadáa. Tèmi ni. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ mi ni? Ṣé ó mọ̀ mí?"

Bàbá Oyèbánjí wo kòkó náà. Ó ṣí fìlà. "Alága, kò wojú ẹnikẹ́ni." Ó yí sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ lọ gbé tèmi wá."

Ariwo ta! Gbogbo wọn ló ń fa àpò, wọ́n ń du ẹni tó máa kàn, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ wó páànù Rasheed. A ṣà á títí oòrùn fi wọ̀. Rasheed ń kọrin, ohùn rẹ̀ burú, gbogbo èèyàn ń gbè é. Iye tó pẹ́ títí a fi pa ẹ̀rọ: òdo. Mo fẹ́ kọ òdo yìí ní ńlá kí n fi sí ara ògiri.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Àlàájà pè mí jókòó sórí ẹní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi dàbínù kan ṣínu, ó mu omi, ó gbé àkàrà fún mi. N kò lè jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èmi ni mo pẹ́, ìdí rẹ̀ ni tiyín fi bu."

"Mo mọ̀. Jẹun."

Mo jẹ díẹ̀. Ó ń wò mí.

"Nígbà tó ń da tèmi nù, ọwọ́ rẹ wà lórí nǹkan yẹn. Ṣé o lè dá a dúró ni?"

"Mo lè dá a dúró, mà."

Ó mi orí. Ó mu omi díẹ̀ sí i, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ó dùn mí o, n ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n láti Òkítóbà tí mo ti ń bá wọn jà, ìwọ ni mo gbà gbọ́, n ò gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́ rí. Ìgbà tó da tèmi nù ni mo tó gbà á gbọ́."